Ìdùnnú Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣègùn Wà Lọ́wọ́ Ìdílé Wa

Ní ọ̀sẹ̀ yìí a fẹ́ bá ìdílé sọ̀rọ̀ lórí àwọn ọmọ tí ń kọ́ iṣẹ́ dókítà, àwọn tí a ń rán jáde láti ilé-ẹ̀kọ́ gíga kí wọ́n lọ kọ́ ará ìlú àti ará oko ní ọ̀nà tí a fi ń dènà àìsàn. Kì í ṣe oògùn ni wọ́n ń gbé wá. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni: omi mímu tí ó mọ́, ọwọ́ fífọ̀, àwọ̀n ẹ̀fọn, abẹ́rẹ́ àjẹsára, ọmú fún ọmọ titun.

Ìbéèrè tí a fẹ́ yẹ̀ wò nìyí: kí ni ó ń mú kí iṣẹ́ yìí tẹ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́rùn, kí sì ni ó ń mú kí ó sú u? Ẹlòmíràn lè wí pé, “Kí ni ìyẹn kàn mí? Kí ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kí ó máa lọ.” Ẹ̀yin ará, ó kàn wá púpọ̀. Ọmọ tí iṣẹ́ abúlé sú nígbà tí ó ń kọ́ṣẹ́, ó ṣòro kí ó tún padà sí abúlé nígbà tí ó bá di dókítà. Yóò dúró sí Cotonou, tàbí kí ó wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí òkè òkun. Lọ́jọ́ tí ibà bá gbé ọmọ kan ní Agoua tàbí ní Doumè lóru, ọ̀dọ̀ ta ni a ó gbé e lọ? Nítorí náà ìdùnnú akẹ́kọ̀ọ́ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nìkan. Apá kan rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa.

Iṣẹ́ tí a kì í dúpẹ́ fún

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí iṣẹ́ náà ti rí. Bí dókítà bá ṣe iṣẹ́ abẹ fún bàbá kan tí ìpá ń dà láàmú, tí bàbá náà sì dìde, gbogbo ilé ni yóò mọ̀. Wọn yóò gbé iṣu, wọn yóò mú adìyẹ, wọn yóò lọ dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru kò ṣe nítorí pé ìyá rẹ̀ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ó tó fún un ní oúnjẹ, ta ni yóò mú adìyẹ wá nítorí rẹ̀? Kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé àìsàn kan dé ẹnu ọ̀nà tí kò rí àyè wọlé. Ìyá ọmọ pàápàá kò mọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ìdènà àìsàn ti rí. Bí ó bá kẹ́sẹ járí, kò sí ohun tí ojú rí. Àwọn àgbà ní ìlera ni oògùn ọrọ̀, ṣùgbọ́n ìgbà tí ìlera bá lọ tán ni a ń mọ iye rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn sì jẹ́ ọ̀dọ́. Nígbà tí ó wọ ilé-ẹ̀kọ́, yàrá iṣẹ́ abẹ ni ọkàn rẹ̀ wà. Nígbà tí a bá wá sọ fún un pé kí ó lọ jókòó lábẹ́ igi láàrín àwọn ìyá ọlọ́mọ, kí ó máa sọ̀rọ̀ ọṣẹ àti ṣáláńgá, ó lè rò pé a ń fi òun ṣeré. Síbẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí a ti bi irú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ léèrè lẹ́yìn iṣẹ́ náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ń sọ pé ó tẹ́ àwọn lọ́rùn. Wọ́n ní àwọn kọ́ bí a ti ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ kí ó yé e. Wọ́n ní àwọn rí ìdí tí aláìsàn fi ń ṣàìsàn. Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé àwọn wúlò kí àwọn tó gba ìwé ẹ̀rí pàápàá.

Kí ni ó yí ọkàn wọn padà? Kí a lè rí i kedere, ẹ jẹ́ kí a rékọjá ààlà díẹ̀ sí ọ̀dọ̀ àwọn ará wa ní Nàìjíríà, níbi tí iṣẹ́ yìí ti ju 60 ọdún lọ.

Ẹ wo ilẹ̀ Ìbàràpá

Ìbàràpá wà ní ìwọ̀-oòrùn Ìbàdàn, ní apá ọ̀nà ààlà ilẹ̀ Benin. Ìlú méje ni a mọ̀ mọ́ ọn: Igbó-Ọrà, Ìdèrè, Èrúwà, Láńlátẹ̀, Ayétẹ̀, Tápà àti Ìgàngán. Àgbẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀pọ̀ yín ti gbọ́ orúkọ Igbó-Ọrà nítorí àwọn ìbejì tí wọ́n ń bí níbẹ̀.

Ní ọdún 1957 ni a ṣí ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì ní Ìbàdàn, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní UCH. Ilé ìwòsàn tí ó lókìkí ni. Ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ ibẹ̀ rí àléébù kan. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ́ gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ nínú ilé ńlá yẹn kò mọ ibi tí aláìsàn ti ń wá. Ó ń rí ọmọ tí ó gbẹ, kò rí ìkòkò tí a ti ń bu omi fún ọmọ náà. Nítorí náà, ní ọdún 1963, Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìlera kan ní Ìbàràpá, wọ́n sì fi Igbó-Ọrà ṣe ibùdó. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lọ gbé níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Wọ́n ń bá ìlú gbé, wọ́n ń wọ ilé dé ilé, wọ́n ń wo omi àti ṣáláńgá, wọ́n ń wọn ọmọ lórí ìwọ̀n, wọ́n ń kọ́ àwọn ìyá, àwọn ìyá náà sì ń kọ́ wọn.

Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ tí ó gbé irú ẹ̀kọ́ yìí ró ní Ìbàdàn ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adétòkunbọ̀ Lucas. Ní ọdún 1973, òun àti Herbert Gilles tẹ ìwé kan jáde lórí ìdènà àìsàn ní ilẹ̀ olóoru, èyí tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Afíríkà ti kà. Láti ọdún 1976 di 1986 ó jẹ́ olórí ètò ìwádìí Àjọ Ìlera Àgbáyé lórí àìsàn ilẹ̀ olóoru, ní Geneva. Ọdún 2020 ni ó kú. Ẹ ṣàkíyèsí pé ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ yìí kò ka omi odò abúlé sí ohun kékeré.

Kì í ṣe Ìbàdàn nìkan. Nígbà tí Yunifásítì Ìlọrin dá ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn tirẹ̀ sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, ó fi gbígbé láàrín ará ìlú kún ẹ̀kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ gan-an. COBES ni wọ́n ń pe ètò náà.

Sòbìyà, àìsàn tí ẹ̀kọ́ lé lọ

Àwọn àgbà inú wa rántí sòbìyà. Ẹni tí ó bá ti ṣe rí kò lè gbàgbé. Ènìyàn yóò mu omi adágún tí kòkòrò kékeré wà nínú rẹ̀, tí ojú lásán kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí. Aràn náà wà nínú kòkòrò yẹn. Yóò tó ọdún kan kí ara tó sọ ohunkóhun. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ yóò wú, yóò ta bí iná, aràn tí ó lè gùn tó mítà 1 yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ díẹ̀díẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ta á, aláìsàn á sáré lọ ki ẹsẹ̀ bọ omi tútù. Níbẹ̀ ni aràn ti ń tú ọmọ rẹ̀ sínú omi tí gbogbo ìlú ń mu. Bí ó ti ń yí po nìyẹn láti ọdún dé ọdún.

Ìdèrè, tí kò jìnnà sí Igbó-Ọrà, mọ sòbìyà dáadáa. Àwọn olùkọ́ láti Ìbàdàn, bíi Ọ̀jọ̀gbọ́n O. O. Kale àti William Brieger, ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lórí rẹ̀ ní agbègbè náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá dé ibẹ̀ kò lè fi oògùn ṣe fújà. Kò sí oògùn tí ń pa aràn náà, kò sì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un títí di òní. Ohun méjì pàtàkì ni ó wà láti ṣe: kí a fi aṣọ sẹ́ omi kí a tó mu ún, kí ẹni tí sòbìyà ń yọ lára rẹ̀ má sì wọ inú omi mímu. Ẹ̀kọ́ ni méjèèjì.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà kò rọrùn. Àwọn ará ìlú kan gbà pé sòbìyà wà nínú ara olúkúlùkù láti inú ìyá rẹ̀ wá, pé bí ìgbà rẹ̀ bá tó ni yóò yọ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá dé, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo “kòkòrò, kòkòrò”, wọn yóò gbọ́, wọn yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, wọn yóò sì lọ pọn omi wọn. Ó di dandan kí ó kọ́kọ́ jókòó, kí ó béèrè ohun tí wọ́n mọ̀, kí ó tó sọ ohun tí òun mọ̀.

Ẹ gbọ́ bí ó ti parí. Ní ọdún 1986, a fojú bù ú pé mílíọ̀nù 3.5 ènìyàn ni sòbìyà ń ṣe lọ́dún ní ayé. Ní orílẹ̀-èdè wa Benin, nígbà tí a kà wọ́n ní 1990, ó lé ní 30,000. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní abúlé dé abúlé: kànga, aṣọ ìsẹ́mi, àti àwọn ará abúlé fúnra wọn tí a kọ́ láti máa ṣọ́ omi. Ọdún 2004 ni a rí ẹni ìkẹyìn tí ó kó o ní Benin, ní 2009 sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ìwé ẹ̀rí hàn pé ó ti kúrò ní ilẹ̀ wa. Nàìjíríà gba tirẹ̀ ní 2013. Ní 2024, ènìyàn 15 péré ni a rí ní gbogbo ayé. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa kò mọ orúkọ àìsàn náà mọ́. Ta ni a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Kò sí dókítà kan tí ó lè wí pé òun ni òun ṣe é. Àwọn ìyá tí wọ́n ń sẹ́ omi ní àràárọ̀ wà nínú rẹ̀, àwọn tí wọ́n kọ́ wọn sì wà nínú rẹ̀.

Nítorí irú nǹkan báyìí ni àwọn orílẹ̀-èdè ayé, nígbà tí wọ́n péjọ ní Alma-Ata ní 1978 láti jíròrò lórí ìlera gbogbo ènìyàn, fi ẹ̀kọ́ ìlera ṣe ohun àkọ́kọ́ nínú ohun mẹ́jọ tí wọ́n kà sílẹ̀. Ó wà ṣáájú abẹ́rẹ́, ó wà ṣáájú oògùn. Ọmọ ilẹ̀ wa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Comlan Alfred Quenum, ni olórí Àjọ Ìlera Àgbáyé fún Afíríkà nígbà náà, láti 1965 di 1984. Ilé-ẹ̀kọ́ ìlera tí ó wà ní Ouidah ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní.

“Bẹ́ẹ̀ ni” tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a padà sí ilé wa. Ẹ jẹ́ kí a wí pé akẹ́kọ̀ọ́ kan dé láti Cotonou tàbí Parakou. Èdè Faransé ni ó fi kọ́ gbogbo ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ní agbègbè wa, Máhì ni wọ́n ń sọ nínú ilé kan, Ifẹ̀ ni wọ́n ń sọ ní Tchetti, Ìṣà ni wọ́n ń sọ ní Bantè. Ògbufọ̀ ni ó gbọ́dọ̀ lò. Akẹ́kọ̀ọ́ sọ gbólóhùn mẹ́wàá, ògbufọ̀ sọ ẹyọ kan: “Ó ní kí ẹ máa ṣe ìmọ́tótó.” Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́. Olórí abúlé dúpẹ́. A bi àwọn ìyá léèrè bóyá ó yé wọn. “Bẹ́ẹ̀ ni!” A bi wọ́n léèrè bóyá wọn yóò ṣe é. “Bẹ́ẹ̀ ni!” Akẹ́kọ̀ọ́ lọ, inú rẹ̀ dùn, ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé iṣẹ́ náà yọrí sí rere.

Ìdùnnú náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò ní gbòǹgbò. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó sọ̀rọ̀ dáadáa lè láyọ̀, kí ẹyọ ilé kan má sì yí ohunkóhun padà. Bí ó bá padà dé ní oṣù kejì, tí ó rí i pé gbogbo rẹ̀ wà bí ó ti wà, ayọ̀ yẹn yóò di ìrẹ̀wẹ̀sì. Yóò wí pé, “Àwọn ará oko kì í gbọ́ràn.” Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í ṣe àìgbọ́ràn. Àwa ni a kò sọ òtítọ́ fún un.

A mọ ìdí tí a fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àlejò ni. Ọmọ ẹni ni. Ó rin ọ̀nà jínjìn. Ojú ń ti wá láti wí fún un pé omi kò sí, pé owó ọṣẹ ṣòro, pé ìyá ọkọ kò ní gbà. Àwọn baba wa wí pé, lójú àlejò ni a ti ń jẹ gbèsè, lẹ́yìn rẹ̀ ni a ti ń san án. “Bẹ́ẹ̀ ni” tí a fi ṣe àlejò akẹ́kọ̀ọ́, gbèsè ni. Ọmọ tí ó wà nínú ilé ni yóò san án.

Ohun tí ìdílé lè ṣe

Èkíní, ẹ béèrè. Ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Kò sí ohun tí ń mú inú akẹ́kọ̀ọ́ dùn bí ìbéèrè gidi, nítorí ìgbà náà ni ó ń mọ̀ pé a ń fetí sí òun. Bí ó bá sọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ibà, ẹ bi í léèrè. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024 ni Benin bẹ̀rẹ̀ sí í gún abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà fún àwọn ọmọ kéékèèké. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni a ń gún un, èyí ìkẹyìn sì ń bọ̀ nígbà tí ọmọ ti ń rìn, tí ìyá ti lè gbàgbé. Ẹ béèrè ọjọ́ rẹ̀. Ẹ béèrè ìdí tí ọmọ tí ó ti gbà á fi gbọ́dọ̀ ṣì máa sùn nínú àwọ̀n ẹ̀fọn. Ó yẹ kí ó lè ṣàlàyé fún yín pé abẹ́rẹ́ náà ń dín ibà kù, kò pa gbogbo rẹ̀ run.

Èkejì, ẹ sọ ohun tí ń dí yín lọ́wọ́. Bí ó bá ní kí a fi ọmú nìkan bọ́ ọmọ fún oṣù 6, láìfún un ní omi, ìyá àgbà tí ó wà nínú ilé lè ro ó lọ́kàn pé, “Nínú ọ̀gbẹlẹ̀ yìí? Ọmọ yóò kú!” Kí ó má ro ó lọ́kàn. Kí ó sọ ọ́ síta. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè wí fún un pé bí a bá pín wàrà ọmú sí ọ̀nà 100, nǹkan bí 88 nínú rẹ̀ ni omi, pé omi mímọ́ ni, tí kò sí ìdọ̀tí nínú rẹ̀, pé bí òùngbẹ bá ń gbẹ ọmọ, kí a tún fún un ní ọmú. Ìyá àgbà ni ó ń pàṣẹ nípa ọmọ titun nínú ọ̀pọ̀ ilé wa. Bí kò bá gbà, ìyàwó ilé kò lè ṣe é. Nítorí náà, ẹ má fi ìyá àgbà sílẹ̀ nílé nígbà tí ẹ bá ń lọ síbi ẹ̀kọ́.

Ẹ̀kẹta, ẹ tún un sọ, ẹ sì fi ọwọ́ yín ṣe é. Ẹ̀kọ́ tí ọwọ́ ṣe kì í tètè sá lọ. Ẹ jẹ́ kí a mú omi oníyọ̀ àti ṣúgà ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí a ń fún ọmọ tí ń ṣu gbuuru bí a kò bá rí èyí tí a dì sínú àpò láti ilé ìwòsàn. Lítà 1 omi tí ó mọ́, ṣíbí tíì 6 ṣúgà, ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀. Kí ṣíbí kún déédéé, kí orí rẹ̀ má ṣe òkìtì. Iyọ̀ púpọ̀ lè pa ọmọ lára. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti ṣe é tán, kí ìyá kan dìde, kí ó ṣe é lójú gbogbo ènìyàn, kí ó sì sọ ọ́ ní èdè tirẹ̀. Bí ó bá ṣì í, ibẹ̀ ni a ó ti tún un ṣe, kì í ṣe lóru nígbà tí ọmọ bá ń gbẹ lọ. Kí a sì rántí pé bí ojú ọmọ bá jìn, bí kò bá lè mu nǹkan, tàbí bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ ní kíá.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má wo ọjọ́ orí rẹ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Àwọn àgbà kan náà ni ó wí pé bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, yóò bá àgbà jẹun. Ọmọ yìí mọ ọwọ́ wẹ̀, ó sì mọ ìdí rẹ̀. Ẹ gba ohun tí ó mọ̀, kí ẹ sì fún un ní ohun tí kò mọ̀: ibi tí omi ti ń gbẹ ní ọ̀gbẹlẹ̀, ọjọ́ ọjà tí kò lè rí ìyá kankan nílé, àkókò iṣu gbígbìn tí gbogbo ènìyàn wà lóko, ọ̀rọ̀ tí a kì í sọ níwájú ọkùnrin. Ọ̀pọ̀ nínú ìdùnnú tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń sọ ni pé ìlú kọ́ àwọn náà ní ẹ̀kọ́.

Ẹ̀karùn-ún, bí ó bá tún padà wá, ẹ fi hàn án. Ẹ wí fún un pé, “Ìwọ wí pé kí a bo ìkòkò omi, wò ó, a ti bò ó.” Tàbí kí ẹ wí pé, “A gbìyànjú rẹ̀, kò ṣeé ṣe nítorí báyìí báyìí.” Èkejì yìí pàápàá jẹ́ ẹ̀bùn fún un. Yóò mọ̀ pé a fi ọ̀rọ̀ òun ṣe iṣẹ́, yóò sì wá ọ̀nà mìíràn. Adìyẹ tí a kì í rí mú wá fún iṣẹ́ ìdènà àìsàn, èyí ni ó dúró fún un.

Fún ẹ̀yin tí ọmọ yín ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn

Àwọn òbí kan wà láàrín wa tí ọmọ wọn ń kọ́ iṣẹ́ dókítà, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí iṣẹ́ agbẹ̀bí. Bí ọmọ náà bá kọ̀wé sí yín pé a rán òun lọ sí abúlé, ẹ má wí pé, “A kò fi owó iṣu rán ọ lọ sí Cotonou kí o tún padà sínú igbó.” Ọ̀rọ̀ yẹn ń pa nǹkan nínú ọmọ.

Ní ọdún 2010 Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àwọn ìjọba nímọ̀ràn lórí bí dókítà àti nọ́ọ̀sì yóò ṣe máa dúró ní ìgbèríko, wọ́n sì tún un ṣe ní 2021. Lára ohun tí wọ́n wí ni pé kí a máa gba àwọn ọmọ ìgbèríko sí ilé-ẹ̀kọ́ ìlera, kí a sì máa rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ ṣiṣẹ́ ní ìgbèríko nígbà tí wọ́n ṣì ń kọ́ṣẹ́, nítorí irú wọn ni ó máa ń padà síbẹ̀. Ọmọ tí a bí ní Savalou, tí ó gbọ́ Máhì tàbí Ifẹ̀ láti ẹ̀yìn ìyá rẹ̀, kò nílò ògbufọ̀ tí yóò sọ gbólóhùn mẹ́wàá di ẹyọ kan. Òun ni a ń wá. Bí ó bá wá ilé ní oṣù kẹjọ fún ọdún iṣu, ẹ mú un jókòó, kí ẹ bi í pé, “Kí ni o kọ́ àwọn ènìyàn lọ́dún yìí? Kí ni wọ́n bi ọ́? Ṣé wọ́n ṣe é?” Kí ó mọ̀ pé ilé òun ka iṣẹ́ yẹn sí iṣẹ́ dókítà tòótọ́.

A kò wí pé ọ̀rọ̀ dídùn nìkan tó. Dókítà nílò owó oṣù, ó nílò ilé, ó nílò iná àti irinṣẹ́. Ìjọba ni yóò ṣe ìyẹn, ó sì yẹ kí a máa béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Àwọn ìdílé kò lè kọ́ ilé ìwòsàn lọ́la. Ṣùgbọ́n a lè dáwọ́ “bẹ́ẹ̀ ni” lásán dúró ní ọ̀la.

Bí ẹ bá gbọ́ lẹ́yìn Mísà pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìlera ń bọ̀ ní àdúgbò yín, ẹ lọ. Kí bàbá lọ pẹ̀lú, nítorí òun ni ó ń san owó ọṣẹ àti owó ọkọ̀ sí ilé ìwòsàn. Kí ìyá àgbà lọ. Kí olúkúlùkù mú ìbéèrè kan dání.

Ó dìgbà mìíràn o, ẹ̀yin ìdílé wa. Kí a bá ara wa ní àlàáfíà.